Ṣé dandan ni kí n fò látorí bóòtù kí n tó lè dáìfù?

Arábìnrin kan ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ nípa skúbà, ìyẹn ká gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn ká lè máa mí lábẹ́ omi, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó oṣù kan tí mo ti ń kọ́ skúbà nínú swimming pool. Tí mo bá fẹ́ wọnú omi, màá jókòó sétí púùlù, màá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá rọra yí wọlé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la fẹ́ lọ sínú òkun, tíṣà wa sì ní látorí bóòtù ni gbogbo wa ti máa fò. Mo dán fífò yẹn wò lẹ́ẹ̀kan ní púùlù, máàsìkì mi ṣí, omi wọ imú mi, ẹ̀rù bà mí débi pé mo ń gbọ̀n. Ṣé dandan ni kí n fò? Ọ̀nà wo ló tún wà, èwo ló sì dáa jù?"

Àbúrò mi, kú ewu o. Kò sí dandan kankan níbẹ̀, jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí ọkàn ẹ lè balẹ̀ ka ìyókù. Àmọ́ ìbéèrè tó o fi parí ẹ̀ yẹn, èwo ló dáa jù, òun ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà, torí wọ́n á mú èyí tó wù wọ́n tàbí èyí tí wọ́n rí nínú fídíò, wọ́n á wá máa lò ó níbi gbogbo. Ibi tó o dúró sí ló máa ń sọ bó o ṣe máa wọ omi. Mo máa ń wo bí ibẹ̀ ṣe ga sí ojú omi, mo máa ń wo bí omi ṣe jìn tó àti ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, mo máa ń wò ó bóyá ibi tí mo dúró sí ń mì, mo sì máa ń wo ohun tí omi fúnra ẹ̀ ń ṣe, ṣé ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni, àbí ìgbì wà níbẹ̀, àbí ó ń fà lọ síbì kan. Tí mo bá ti wo gbogbo ìyẹn tán, ọ̀nà tó máa ń ṣẹ́ kù kì í ju ẹyọ kan lọ, nígbà míì méjì, èyí tó bá rọrùn jù nínú ohun tó ṣẹ́ kù yẹn ni kó o mú. Kò sẹ́ni tó ń fún èèyàn ní máàkì torí bó ṣe wọ omi.

Jẹ́ ká sọ ti máàsìkì tó ṣí ná, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ẹ wà. Ó dá mi lójú pé omi lò ń wò nígbà tó o fò. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn, ojú fẹ́ mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ, tó bá sì jẹ́ àtẹ̀gùn lò ń sọ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n sílíńdà wà lẹ́yìn ẹ, irú èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe tí ọ̀pọ̀ kíláàsì ń lò yẹn wọn nǹkan bíi kílò 14 lófìfo, afẹ́fẹ́ tí wọ́n rọ sínú ẹ̀ nìkan tún lé ní kílò 2, ká má tíì sọ ti òjé tó wà nídìí ẹ, èyí tó ń jẹ́ kéèyàn lè rì. Tó o bá ti tẹrí ba, orí á síwájú, sílíńdà á ti ẹ̀yìn ẹ tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ kọ́ ló máa wọlé ṣáájú mọ́, àyà àti ojú lo máa fi gbá omi. Omi á gba abẹ́ àgbọ̀n gòkè, á ti ọwọ́ bọ abẹ́ rọ́bà máàsìkì, á sì ṣí i bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò. Tó bá jẹ́ pé ọ̀ọ́kán lo wò, níbi tí sánmà àti omi ti pàdé, ara á dúró ṣánṣán, ẹsẹ̀ lá kọ́kọ́ wọlé, tí omi bá fi máa dé ojú ẹ agbára ẹ̀ á ti dín kù púpọ̀.

Ọwọ́ wá ńkọ́? Gbé ọwọ́ ọ̀tún ẹ sókè báyìí bó o ṣe ń kà á. Ibi tó le nísàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, lẹ́bàá ọrùn ọwọ́, òun lo máa fi ti regulator, ìyẹn ohun tó o fi ń mí afẹ́fẹ́ sílíńdà, mọ́ ẹnu, ìka méjì tàbí mẹ́ta á nà sókè sórí gíláàsì máàsìkì, orí gíláàsì gan-an ni mo sọ o, kì í ṣe etí ẹ̀, torí tó o bá di etí ẹ̀ mú ìwọ fúnra ẹ lo máa fà á kúrò lójú. Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, má fún un. Ọwọ́ òsì á di bẹ́líìtì òjé mú, tó bá sì jẹ́ pé inú BCD, ìyẹn ẹ̀wù tá a ń fi afẹ́fẹ́ kún kó lè gbé èèyàn léfòó, ni òjé tìẹ wà, fi ọwọ́ òsì kó géèjì tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ sílíńdà ṣe ṣẹ́ kù tó àti àwọn páìpù tó ń jù dirodiro mọ́ra kí wọ́n má bàa há síbì kan tàbí kí wọ́n fò lu ojú ẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe nìyí: wọ́n á mú un dáadáa lórí bóòtù, ẹsẹ̀ á kàn kan omi, ọwọ́ á tú, wọ́n á nà án sí ẹ̀gbẹ́ bí ìgbà tí ẹyẹ fẹ́ bà. Ìgbà yẹn gan-an ni ojú fẹ́ kan omi o! Má tú ọwọ́ náà rárá, àfi tí orí ẹ bá ti padà yọ sókè tó o sì ti ń rí bóòtù.

Tún wo irun ẹ, tí irun kan bá wà lábẹ́ rọ́bà máàsìkì omi á wọlé ni, kò sí bó o ṣe lè mú un tó. Má sì torí pé ó ṣí lẹ́ẹ̀kan kó o wá fa okùn ẹ̀ le, okùn tó bá le jù máa ń ká rọ́bà yẹn kò ni, omi á wá rí ọ̀nà gbà wọlé.

Ó yá, fífò yẹn. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni giant stride, ìgbésẹ̀ gbàǹgbà, orúkọ yẹn ló sì tọ̀nà torí kò sí fífò níbẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ni. O máa dúró sí etí ibi tí wọ́n ṣe pẹlẹbẹ sẹ́yìn bóòtù, orí fíìnsì, ìyẹn bàtà tó dà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ yẹn, á yọ síta kọjá etí pákó, kó má bàa há mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ tó o bá fẹ́ lọ. Afẹ́fẹ́ á ti wà nínú BCD, bí ìdajì. O máa wo ẹ̀yìn àti iwájú pé kò sẹ́nì kankan nísàlẹ̀, o máa gbé ojú sókè, ọwọ́ á ti wà níbi tó yẹ kó wà, o máa wá gbé ẹsẹ̀ kan jìnnà síwájú bí ẹni fẹ́ ré gọ́tà kọjá, ẹsẹ̀ kejì á tẹ̀ lé e fúnra ẹ̀. Ẹsẹ̀ á ṣì wà ní yíya, ọ̀kan níwájú ọ̀kan lẹ́yìn, tó o bá fi máa kan omi, tó o bá ti kàn án báyìí kó o pa méjèèjì dé wàrà bíi sísọ́ọ̀sì. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó o rì jìn, àwọn míì tó ti mọ̀ ọ́n ṣe gan-an irun wọn ò ní rì tán.

Ẹni tó bá fò sókè kó tó bọ́ sílẹ̀ ti bà á jẹ́, torí gíga tó fò yẹn ló máa fi kún agbára tí omi máa fi gbá a. Ẹni tó bá tún kó ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ á wọlé bí ìṣó ni, á lọ jìn, sílíńdà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á sì lè gbé ara ẹ̀ sókè kó lu ú lórí ìpàkọ́.

Ibi tí giant stride yẹ ni ibi tí kò mì púpọ̀, tí o lè dúró lórí ẹ̀ láì di nǹkan kan mú, tí omi ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì jìn ju bó o ṣe ga lọ dáadáa, ojú ẹ sì ti rí i pé ó jìn, kì í ṣe pé ẹnì kan kàn sọ fún ẹ. Má fi í wọ omi tó dúdú tí o ò rí ìsàlẹ̀ ẹ̀ láyé, àfi tẹ́nì kan bá ti wọ ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Tẹ́ ẹ bá wà nínú òkun, ìdí bóòtù máa ń lọ sókè wá sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbì, nítorí náà tó o bá ti wọlé tán má dúró síbẹ̀ máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sáwọn tó kù, pákó yẹn lè bọ́ lé ẹ lórí. Awakọ̀ ló sì máa sọ fún yín pé ẹ lè lọ. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti kúrò nínú jíà kí abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lábẹ́ omi yẹn lè dúró. Lórí èyí mi ò gbà kẹ́nikẹ́ni bá mi jiyàn, bí tíṣà bá ní kó o lọ tí awakọ̀ ò tíì fèsì, dúró.

Tí bóòtù yín bá kéré ńkọ́, irú onírọ́bà tí wọ́n fẹ́ bí bọ́ọ̀lù yẹn? Ibẹ̀ ò ṣeé dúró sí, ẹni tó bá dìde lórí ẹ̀ pẹ̀lú sílíńdà lẹ́yìn á ṣubú lu ẹlòmíì. Ìyẹn ni back roll wà fún, ká gba ẹ̀yìn ṣubú wọlé. Mo mọ̀ pé tó o bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ ó máa dà bíi pé ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí giant stride ń dẹ́rù bà ni mo ti rí tó jẹ́ pé back roll ni wọ́n padà fẹ́ràn, ìdí ẹ̀ ni pé kò sí ibi gíga tó o máa wò, kò sí ìṣísẹ̀ tó o máa gbé, ìjókòó lo wà, o kàn máa jọ̀wọ́ ara ẹ sílẹ̀ ni. O máa jókòó sórí etí bóòtù, ẹ̀yìn ẹ sí omi, sílíńdà á yọ síta sórí omi, fíìnsì á wà nínú bóòtù. Ọwọ́ kan lórí máàsìkì àti regulator bí mo ṣe júwe ẹ̀, ọwọ́ kejì á di okùn máàsìkì mú lẹ́yìn orí tàbí kó di géèjì mọ́ àyà. Àgbọ̀n á lọ mọ́ àyà, o máa ká bí ọmọ tó ń sùn, ẹni tó jókòó sí òdìkejì ẹ á wo ẹ̀yìn ẹ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n á kà á, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, kó o fi ẹ̀yìn lọ. Sílíńdà ló máa kọ́kọ́ kan omi, òun ló máa gba gbogbo ẹ̀ṣẹ́ yẹn fún ẹ.

Kíka yẹn kì í ṣe eré o. Gbogbo yín lẹ gbọ́dọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹnì kan bá pẹ́, bóòtù á ti rìn díẹ̀ tàbí kí ẹni tó ti wọlé ti yọ padà sókè lábẹ́ ẹ̀, sílíńdà tí mo sọ bó ṣe wọn yẹn á wá bọ́ lé e lórí. Torí náà tó o bá rí i pé o ò tíì ṣe tán nígbà tí wọ́n ka ẹ̀ta, tí àwọn tó kù sì ti lọ, má tẹ̀ lé wọn. Dúró síbẹ̀, sọ fún awakọ̀, ẹ yẹ omi wò, kí wọ́n tún kà á fún ìwọ nìkan.

Ohun tí wọn kì í sọ fún èèyàn tẹ́lẹ̀ nípa back roll ni bó ṣe máa rí lójú. Wàá rí sánmà, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ ara ẹ, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan á di funfun nítorí ìfófòó omi, afẹ́fẹ́ á máa hó yí ẹ ká bí ọṣẹ, o ò ní mọ apá ibo ni òkè. Má wá a. Máa mí. BCD tó ní afẹ́fẹ́ nínú mọ òkè, òun ló máa gbé ẹ lọ síbẹ̀, kò ní pẹ́ ju ìgbà tó o fi mí lẹ́ẹ̀mejì lọ. Àwọn tó ń jà láti wá òkè fúnra wọn ni ìpayà ń mú. Tí etí bóòtù bá sì ga kúrò lójú omi, gbàgbé back roll, torí o máa yí jù kó o tó balẹ̀, ojú lo sì máa fi kan omi.

Àmọ́ gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni, ó ti parí. Ohun tó ń gba èèyàn là ti ṣẹlẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀. Mo wà lórí bóòtù kan nígbà kan, ọkùnrin kan tó ti ń dáìfù tipẹ́ ló ti ṣí sílíńdà ẹ̀ dáadáa, ẹnì kan tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ wá fọwọ́ kan fáàfù ẹ̀ lẹ́yìn, ó rò pé òun ń ṣí i ni, àṣé ó ń tì í. Bàbá yẹn fi regulator sẹ́nu, ó mí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó dáa, torí afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù nínú páìpù. Ó lọ. Kò sí afẹ́fẹ́ nínú BCD ẹ̀, òjé wà nídìí ẹ̀, ó ń rì, ìgbà tó mí lẹ́ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀kẹrin kò sí nǹkan kan mọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì BCD, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ náà, torí inú sílíńdà kan náà ni BCD ti ń gba afẹ́fẹ́. Ẹni tó jẹ́ ìkejì ẹ̀, tí wọ́n jọ ń dáìfù, ti wà nínú omi, òun ló gbá a mú léjìká tó ki regulator àfikún tiẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ojú ọkùnrin yẹn nínú máàsìkì, bó ṣe là gbòǹgbò, mo ṣì ń rí i.

Nítorí náà ṣe báyìí. Tó o bá ti wọ gbogbo ẹrù ẹ tán, tẹ́nikẹ́ni ò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́, gbé géèjì síwájú ojú ẹ, kó o mí nínú regulator lẹ́ẹ̀mẹrin, kó jinlẹ̀, ojú ẹ má kúrò lára abẹ́rẹ́ géèjì náà. Tí abẹ́rẹ́ ò bá mì, ó dáa. Tó bá ń lọ sílẹ̀ bó o ṣe ń fà á tó tún ń padà sókè bó o ṣe ń mí síta, fáàfù ò ṣí tó. Tó bá kàn ń lọ sílẹ̀ ṣáá, ó ti tì. Wíwò yìí ò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ. Lẹ́yìn náà fi afẹ́fẹ́ sínú BCD kó o gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara ẹ, fọwọ́ kan ibi tí wàá ti tú òjé dànù tó bá di dandan, kí ìkejì ẹ náà fọwọ́ kan án kó lè mọ̀ ọ́n. Regulator wà lẹ́nu látìgbà yẹn lọ, má yọ ọ́ kó o wá máa sọ̀rọ̀. Tó bá sì já bọ́ lẹ́nu ẹ nínú omi tó ń hó fọ̀ọ̀ bíi tápù tó bàjẹ́, kò bàjẹ́, ẹnu ẹ̀ ló dojú kọ òkè, dà á délẹ̀ á dákẹ́.

O lè gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àwọn ò fi afẹ́fẹ́ sínú BCD rárá, pé àwọn ń wọlé tí àwọn á máa rì lọ tààrà. Òótọ́ ni, negative entry ni, ó sì nídìí, ibi tí omi bá ti ń fà gan-an, ẹni tó bá dúró lójú omi fún ìṣẹ́jú kan péré omi á ti gbé e kọjá ibi tó fẹ́ lọ. Kì í ṣe tìẹ báyìí. Mítà 10 àkọ́kọ́ yẹn ni etí ti ń jìyà jù nínú gbogbo dáìfù, torí tó o bá fi máa débẹ̀ agbára tí ń tẹ̀ ẹ́ ti di ìlọ́po méjì ti ojú omi, afẹ́fẹ́ inú etí ẹ á ti sún kì di ìdajì, ẹni tó ń sáré lọ sílẹ̀ tí etí ẹ̀ ò tètè ṣí lè fa nǹkan ya níbẹ̀. Ó tún túmọ̀ sí pé tí nǹkan kan bá ṣe ẹrù ẹ, ìsàlẹ̀ lo ti máa mọ̀.

Ọ̀nà tó o mọ̀ yẹn wá ńkọ́, jíjókòó sétí kó o rọra yí wọlé? Ó dáa gan-an ni, mo máa ń lò ó dòní. Tí pákó ẹ̀yìn bóòtù yín bá sún mọ́ omi tí omi sì dákẹ́, kò sí ohun tó ní kó o máà lò ó. Jókòó, ẹsẹ̀ nínú omi, BCD ní afẹ́fẹ́, ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tẹ̀ ẹ́, gbé ìdí sókè, yí ara padà kó o dojú kọ bóòtù, kó o sọ̀kalẹ̀. Ohun tó yẹ kó o ṣọ́ ni kí sílíńdà má há mọ́ etí pákó nígbà tó o bá ń yí. Tí ìgbì bá wà, má lò ó, torí ìwọ àti pákó ẹ máa jọ wà lójú kan náà pẹ́ jù.

Tí ẹ̀yìn bá ń dùn ẹ́ tàbí ẹrù wúwo jù fún ẹ, wọ́n tún lè fi afẹ́fẹ́ kún BCD bámúbámú, kí wọ́n so ó mọ́ okùn, kí wọ́n gbé e sójú omi, kí ìwọ wọlé tẹ̀ lé e kó o wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ó rọrùn ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Àmọ́ o, má de bẹ́líìtì òjé mọ́ ìdí kó o wá bọ́ sómi láì ní BCD lára, òjé ò mọ ojú rere. Kí wọ́n na bẹ́líìtì yẹn sí ẹ tó o bá ti wọ BCD tán.

Lọ́jọ́ kan o máa wọ omi láti etíkun, kò sí bóòtù kò sí pákó, èyí tí àwọn èèyàn sì rò pé ó rọrùn jù ni mo kà sí èyí tó le jù tí ìgbì bá wà. Dúró kó o wo omi fún ìṣẹ́jú 10 kó o tó wọ ẹrù. Ìgbì kì í wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ló ń wá, àwọn ńlá á tẹ̀ lé ara wọn, omi á wá rọlẹ̀ díẹ̀, ìgbà tó bá rọlẹ̀ yẹn ni tìẹ. Kọ́kọ́ wá ibi tó o máa gbà jáde, torí àárẹ̀ á ti mú ẹ nígbà náà. Máàsìkì á ti wà lójú, regulator á ti wà lẹ́nu kí omi tó dé orúnkún ẹ. Tí ìgbì bá wà, di fíìnsì lọ́wọ́ kọjá ibi tó ti ń fọ́ kó o tó wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ dákẹ́ tó o sì ti wọ̀ ọ́ látòkè, ẹ̀yìn ni kó o máa fi rìn, torí tó o bá fi fíìnsì rìn síwájú omi á ká a sábẹ́ ẹ, á gbé ẹ ṣubú. Máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, má máa gbé e sókè, ẹja pẹlẹbẹ tó ní oró nírù, stingray, máa ń sùn nínú yanrìn, tó bá gbọ́ wíwọ́ ẹsẹ̀ á sá fún ẹ, ṣùgbọ́n tó o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á ta ẹ́. Fi ẹ̀gbẹ́ kọ ìgbì, má fi àyà kọ ọ́, rọ orúnkún. Má sì dúró síbi tí ìgbì ti ń fọ́, ì báà jẹ́ láti tún okùn kan ṣoṣo ṣe. Tó bá bì ẹ́ ṣubú, má tiraka láti dìde, máa mí nínú regulator kó o máa wẹ̀ lọ síbi tó jìn, tàbí kó o rákò padà sókè.

Nípa ẹ̀rù yẹn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá wọ odò ni àyà ń kò, àyà ò ko odò. Ó yẹ kí àyà kò ẹ́. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kó o gbé e mọ́ra títí o fi máa dé etí pákó, tí ẹrù wúwo ti wà lẹ́yìn ẹ tí èèyàn mẹ́rin sì tò sẹ́yìn tí wọ́n ń dúró dè ẹ́, torí níbẹ̀ ojú á tì ẹ́ láti sọ pé rárá. Lọ bá tíṣà yín kí ọjọ́ tó pé, sọ fún un pé máàsìkì ẹ ṣí nígbà kan, pé jíjókòó lo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Tíṣà tó mọṣẹ́ á gbà, tí bóòtù ò bá sì gba ìyẹn á sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ. Tún béèrè bí omi ṣe tutù tó. Omi tó tutù gan-an máa ń já èèyàn lẹ́mìí gbà lójijì, èémí á máa sáré láì jẹ́ pé ìwọ lo fẹ́ bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta ó ti rọlẹ̀, ẹni tí wọ́n ò bá sì ti sọ fún tẹ́lẹ̀ á rò pé ikú dé. Di okùn bóòtù mú, mí jẹ́jẹ́, dúró kó kọjá.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó pé, padà sí púùlù. Má kọ́kọ́ fò. Lọ síbi tó o lè dúró, bu omi kún máàsìkì ẹ fúnra ẹ, kó o fi imú fẹ́ ẹ jáde, kó o ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá títí á fi sú ẹ. Lẹ́yìn náà yọ máàsìkì kúrò pátápátá lábẹ́ omi, mí nínú regulator fún ìṣẹ́jú kan, wọ̀ ọ́ padà. Ẹni tó bá lè ṣe ìyẹn, kí máàsìkì ẹ̀ ṣí tàbí kó máà ṣí, kò já mọ́ nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni kó o wá gun etí púùlù níbi tó jìn, mú nǹkan kan lára ògiri òdìkejì tó bá ojú ẹ dọ́gba, aago tàbí fèrèsé, kó o máa wò ó ní gbogbo ìgbà tó o bá ń gbésẹ̀, lẹ́ẹ̀marùn-ún, pẹ̀lú ọwọ́ bí mo ṣe júwe ẹ̀. Tó o bá yọ sókè, yíjú padà, fi ọwọ́ ṣe àmì fún wọn pé ara ẹ le, kó o sì tètè wẹ̀ kúrò lójú kan náà, torí ẹni tó kàn ti gbé ẹsẹ̀.